Irin Sọ Pé 1953, Ìyá Àgbà Sọ Pé 1956

Inú agolo mílíìkì àtijọ́ kan la ti rí i. Agolo náà wà ní ìsàlẹ̀ àpótí tí Ìyá àgbà ń kó aṣọ òkè rẹ̀ sí, ní Ìbàdàn. Bọ́tìnnì ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú kọ́bọ̀ onihò mẹ́ta, àti mẹ́dà kan tó pọ́n bí idẹ, tí òrùka kékeré wà lórí rẹ̀, tí ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ti jẹ tán. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn mẹ́dà yìí nínú àwa ọmọ-ọmọ. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ: mẹ́dà Ọbabìnrin ni, ti ìgbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Ìbàdàn ní 1956.

Ẹni tó dá wàhálà sílẹ̀ ni oníṣòwò kan tó máa ń ra owó àtijọ́ kiri àdúgbò. Ó gbọ́ nípa mẹ́dà náà, ó wá, ó wò ó fìrí, ó ní òun á san owó gidi lé e lórí nítorí pé mẹ́dà ìbẹ̀wò 1956 kò wọ́pọ̀. Ká má parọ́, owó náà wọ̀ wá lójú. Ṣùgbọ́n kí a tó dá a lóhùn, ọ̀kan nínú wa fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ó fẹ àwòrán náà, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn mẹ́dà: CORONATION, 2 JUNE 1953.

1953 kẹ̀! Ọbabìnrin kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà.

Ni ilé bá gbóná. Ẹnì kan ní Ìyá àgbà ti gbàgbé ni, ọjọ́ ti lọ. Ẹlòmíì ní bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹlòmíì ní ká dákẹ́, ká gba owó ọkùnrin yẹn kí ó tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. A kò tà á. A ní ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka mẹ́dà ná. Ohun tí a kọ́ la fẹ́ sọ fún yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí irú agolo bẹ́ẹ̀ wà nílé tiyín náà, ẹni tó sì gba irú mẹ́dà bẹ́ẹ̀ nílé ìwé nígbà yẹn ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí, tàbí kó ti kọjá á.

Ìbẹ̀wò tí gbogbo ènìyàn ń sọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbẹ̀wò náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1956 ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì àti ọkọ rẹ̀, Philip, dé Èkó. Ọjọ́ 16 oṣù kejì ni wọ́n kúrò ní Nàìjíríà. Sir James Robertson ni Gómìnà Àgbà nígbà náà. Kì í ṣe Èkó nìkan ni wọ́n dé. Wọ́n dé Kàdúná, níbi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Àríwá ti ṣe ayẹyẹ dọ́bà fún wọn, wọ́n dé Enugu, wọ́n dé Benin, wọ́n sì dé Ìbàdàn tó jẹ́ olú ìlú Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n tún lọ sí ibùdó àwọn adẹ́tẹ̀ ní Oji River, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ dé ìtòsí irú ibẹ̀ rárá.

Ìbẹ̀wò yìí fi àmì sílẹ̀ oríṣiríṣi. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà, ROYAL VISIT 1956, lé orí sítáǹpù Nàìjíríà tí iye rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ méjì. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà gba orúkọ tuntun lọ́dún yẹn, wọ́n di Queen's Own Nigeria Regiment. Gbajúgbajà ayàwòrán àti agbẹ́gilére wa, Ben Enwonwu, gba iṣẹ́ láti ṣe ère idẹ Ọbabìnrin, Ọbabìnrin sì jókòó fún un ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1957.

Ìyẹn kọ́ sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹni tó wá láti ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì máa wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1925, Edward, àrẹ̀mọ ọba, gun ọkọ̀ ojú omi ogun HMS Repulse wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àjàkálẹ̀ àrùn wà ní Èkó lọ́dún náà, nítorí náà ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún ìlú yẹn dàrú, ó sì lọ wo dọ́bà ní Kánò. Ẹ fi Edward yìí sọ́kàn, a máa padà bá a.

Mẹ́dà kì í ṣe owó

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń da ènìyàn rú ni ìyàtọ̀ láàárín mẹ́dà àti owó onírin. Nínú agolo Ìyá àgbà, àwọn méjèèjì jọ wà pọ̀ ni. Kọ́bọ̀ àtijọ́ ní ihò láàárín, ọ̀nínì náà ní ihò láàárín, wọ́n sì ń ná an ní Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà pọ̀. Ihò mẹ́dà kì í sábà wà láàárín. Òkè ni ó ń wà, tàbí kí òrùka wà níbẹ̀, nítorí pé àyà ni wọ́n fẹ́ há a sí.

Ìyàtọ̀ tó dájú jù ni iye. Owó máa ń sọ iye tí òun jẹ́. Nígbà tí Ọba George Kẹfà àti aya rẹ̀ lọ sí Kánádà ní 1939, orílẹ̀-èdè náà ṣe dọ́là fàdákà kan fún ìrántí. Ọ̀rọ̀ náà DOLLAR wà lára rẹ̀, nítorí náà owó ni. Nígbà tí Elizabeth Kejì lọ sí Ọsirélíà ní 1954, wọ́n ṣe ṣílè méjì kan tí kìnnìún àti kangaroo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà FLORIN wà lára rẹ̀, owó ni òun náà. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú méjèèjì yìí tún ṣe mẹ́dà fún àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́tọ̀, kò sì sí iye kankan lára ìyẹn. Bí ẹ bá rí iye, owó ni. Bí ẹ kò bá rí iye, tí ẹ rí orúkọ, ọjọ́ àti ayẹyẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mẹ́dà.

Mẹ́dà pàápàá pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni èyí tí ìjọba fi ń dá àwọn kan lọ́lá, tí wọ́n lè há mọ́ aṣọ iṣẹ́ pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù. Irú bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí Ọbabìnrin Victoria lọ sí Áyálándì ní 1900, àti èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí Edward Keje lọ sí Skọ́tílándì ní 1903. Ta ni wọ́n fún? Àwọn ọlọ́pàá tó ṣọ́ ọ̀nà ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀nà kejì ni mẹ́dà ìrántí lásán, tí ìgbìmọ̀ ìlú, ilé iṣẹ́ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ń rà lọ́pọ̀ láti pín fún àwọn ọmọ tàbí láti tà.

Nígbà tí a mọ èyí, a rẹ́rìn-ín. Ẹ fojú inú wo ọ̀nà kan ní ọjọ́ tí ọba ń kọjá. Ọlọ́pàá dúró, ó kẹ̀yìn sí títì, ó kọjú sí èrò. Ọmọdé dúró, ó kọjú sí títì, àsíá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè gba mẹ́dà nítorí ọjọ́ kan náà: ọ̀kan nítorí pé ó ṣọ́ èrò, èkejì nítorí pé ó wà lára èrò.

Bí a ṣe ń kà á

Ẹni tó bá fẹ́ mọ mẹ́dà kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn tí ẹni tó ń tà á sọ. Ara irin ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwa ṣe ṣe é rèé.

Orúkọ àti oyè la kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá rí ELIZABETH, ẹ wò ó bóyá II tẹ̀lé e. Elizabeth tó bá George Kẹfà lọ sí Kánádà ní 1939 àti sí Gúúsù Áfíríkà ní 1947 kì í ṣe ẹni tó wá sí Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ ni. Orí tọkọtaya ni ẹ ó sábà rí lórí mẹ́dà ìgbà náà, ọba lọ́kùnrin, ayaba lóbìnrin, kò sì sí II lẹ́yìn orúkọ ayaba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ta ti ìyá ní orúkọ ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bákan náà, bí ẹ bá rí IND. IMP. lára owó tàbí mẹ́dà, èdè Látìn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọba náà ń pe ara rẹ̀ ní olórí ilẹ̀ ọba Íńdíà. Íńdíà gba òmìnira ní 1947, wọ́n sì yọ oyè náà kúrò ní 1948. Nítorí náà mẹ́dà tó bá ru oyè yẹn kò lè jẹ́ ti Elizabeth Kejì láéláé, torí 1952 ló gorí ìtẹ́.

Adé la wò tẹ̀lé e. Adé tí wọ́n ń yà fún àwọn ọba láti Edward Keje títí dé George Kẹfà tẹ̀ sókè roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ní ti Elizabeth Kejì, àárín òkè adé náà sábà máa ń tẹ̀ wọnú díẹ̀. Tí ẹ bá sì rí ìyẹ́ mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ nínú adé kékeré, kì í ṣe àmì ọba rárá. Àmì àrẹ̀mọ ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Prince of Wales. Irú rẹ̀ ló wà lára àwọn nǹkan ìrántí ìrìn àjò Edward yẹn.

Edward yìí náà ló dá ìdẹkùn tó lágbára jù sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó mẹ́dà jọ. Ó jọba ní oṣù kìíní ọdún 1936. Wọ́n dá ọjọ́ ìdádé rẹ̀ sí 12 oṣù kárùn-ún ọdún 1937. Àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ mẹ́dà, wọ́n ń ṣe ife àti àwo, orí Edward Kẹjọ ló wà lára gbogbo rẹ̀. Àfi bó ṣe di oṣù kejìlá ọdún 1936 tó ní òun ò ṣe mọ́, nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Àbúrò rẹ̀, George Kẹfà, ni wọ́n dé ládé lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n ti dá sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí mẹ́dà tó sọ pé wọ́n dé Edward Kẹjọ ládé ní 12 oṣù kárùn-ún 1937. Irin náà kì í ṣe ayédèrú. Ayẹyẹ tó kọ sára ni kò ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn oníṣòwò máa ń sọ pé ó ṣọ̀wọ́n nítorí náà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́pọ̀ yanturu kí ọba tó kọ ìtẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a wo ojú ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni ọdún 27 ni Elizabeth Kejì lọ́jọ́ tí wọ́n dé e ládé, kò sì tíì pé 30 nígbà tó wá sí Nàìjíríà. Bí wọ́n bá kọ 1956 sára mẹ́dà, tí ojú ìyá àgbàlagbà sì wà níbẹ̀, lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣe é.

Ó wá ku etí àti ohun tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ Birmingham àti Lọ́ńdọ̀nù ló ṣe púpọ̀ nínú mẹ́dà àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, bí Fattorini, Gaunt àti Pinches. Nígbà mìíràn orúkọ wọn wà ní etí, tàbí nísàlẹ̀ ọrùn ẹni tí wọ́n ya, ní lẹ́tà tó kéré débi pé fóònù ló máa bá yín fẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ fàdákà Gẹ̀ẹ́sì gidi, ẹ lè rí òǹtẹ̀ wẹ́wẹ́: kìnnìún tó ń rìn, tó túmọ̀ sí pé 925 nínú 1000 ni fàdákà, ìdákọ̀ró, tó túmọ̀ sí Birmingham, tàbí orí ẹkùn, tó túmọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú lẹ́tà kan tó ń sọ ọdún. Òòfà kì í fa fàdákà, kì í fa idẹ, kì í fa bàbà. Bí òòfà bá gbá mẹ́dà mú ṣinṣin, irin ni wọ́n fi àwọ̀ bò. Mẹ́dà tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń ní lẹ́tà tó mú, ojú rẹ̀ á sì dán. Èyí tí wọ́n fi ti ẹlòmíì ṣe ọ̀dà, tí wọ́n yọ́ irin sínú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ máa ń kú, ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ máa ń wà lára rẹ̀, nígbà mìíràn ẹ ó rí ìlà ibi tí apá méjì ti pàdé ní etí.

A fi gbogbo èyí wo mẹ́dà Ìyá àgbà. II wà níbẹ̀. Adé náà tẹ̀ wọnú láàárín. Ojú ọ̀dọ́bìnrin ni. Kò sí kìnnìún, kò sí ìdákọ̀ró, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Mẹ́dà ìdádé tí ìjọba fún àwọn ènìyàn pàtàkì ní 1953, fàdákà ni, ó fẹ̀ tó mìlímítà 32, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan níbi orí Ọbabìnrin. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́dà ọmọ ilé ìwé ni, idẹ lásán, kì í ṣe ayédèrú, kì í ṣe fàdákà. Ọdún rẹ̀ ni 1953. Irin ti sọ tirẹ̀, kò sì parọ́.

A bi Ìyá àgbà

A ti múra láti tún ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, àwa tí a kò tíì bí àwọn òbí wa nígbà náà. A kúnlẹ̀, a kí wọn, a gbé mẹ́dà náà lé wọn lọ́wọ́, a ní, “Ìyá àgbà, wọ́n kọ 1953 síbí o. Ẹ ti ń sọ fún wa pé 1956 ni.”

Wọ́n wò wá tìtì. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló sọ fún yín pé Ọbabìnrin ló fún mi? Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ rí?”

Lóòótọ́, nígbà tí a rò ó dáadáa, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. “Mẹ́dà Ọbabìnrin, ti ìgbà tó wá” ni wọ́n máa ń sọ. Àwa la fi ìyókù kún un.

Ìyá àgbà wá sọ ọ́. Ilé ìwé ni wọ́n ti pín mẹ́dà náà nígbà tí wọ́n dé Ọbabìnrin ládé. Owó ilé ìwé ni bàbá wọn ń san nígbà náà, àwọn nìkan ló sì lè rán lọ. Àbúrò wọn obìnrin kò lọ. Ó di oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí àbúrò yìí tó wọlé. Ọdún kejì rẹ̀ nílé ìwé ni Ọbabìnrin dé. Olùkọ́ ní kí àwọn tó bá ní mẹ́dà há a mọ́ aṣọ. Àbúrò kò ní.

“Ó sunkún láti ilé dé ojú títì,” ni Ìyá àgbà wí. “A dúró láti àárọ̀. Oòrùn pa wá. Nígbà tí wọ́n ní ó ti ń bọ̀, mo tú u láyà mi, mo há a mọ́ ọn láyà. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Mọ́tò náà ò dúró, ó kàn kọjá ni, ọwọ́ funfun ni mo rí. Àyà àbúrò mi ni mẹ́dà yẹn wà nígbà tó kọjá. Ìdí tí mo fi ń pè é ní ti ìgbà tó wá nìyẹn.”

Àbúrò náà ti di olóògbé tipẹ́. A kò tilẹ̀ rí àwòrán rẹ̀ kankan rí.

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A ní fóònù, a ní íntánẹ́ẹ̀tì, a ti ka etí mẹ́dà, a ti fi òòfà gbá a wò. Ohun tó jẹ́ kí mẹ́dà náà wà nínú agolo fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí lára irin.

Ọdún méjì, ìtumọ̀ mélòó?

Láti ọjọ́ yẹn, ọdún méjèèjì tó wà nínú ìjà wa bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún wò pa pọ̀. Ohun tó wà lára mẹ́dà ní 1953 ni adé. Ṣùgbọ́n kí la ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn? Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro, ọmọ ẹgbẹ́ Action Group, dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, ó dábàá pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀. Ọdún wo ló dá? 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò gbà, wọ́n ní kí wọ́n yọ ọdún yẹn kúrò, kí ó kàn jẹ́ ìgbà tó bá ṣeé ṣe. Ìjíròrò náà fọ́. Ní oṣù kárùn-ún, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò, ẹ̀mí sì bọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi gba mẹ́dà tí wọ́n kọ CORONATION sí.

Nígbà tí 1956 wá dé, kì í ṣe ìjọba ara ẹni ló dé, Ọbabìnrin ló dé. Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba ìjọba ara wọn ní 1957, Àríwá ní 1959, gbogbo Nàìjíríà sì gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1960.

A kò sọ èyí láti bá ọmọ tó há mẹ́dà jà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò mọ̀ nípa àbá Enahoro. Àwọn kan máa ń bi wá pé kí ló dé tí ẹ fi ń tọ́jú ohun tí àwọn amúnisìn fi ń fa ojú ọmọ wa mọ́ra? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ohun tí wọ́n fi í ṣe nìyẹn lóòótọ́. Èrò tiwa ni pé tí a bá sọ ọ́ nù, ẹni tó fúnni nìkan ló máa wà nínú ìtàn. Orúkọ Ọbabìnrin kò lè sọnù, ó wà nínú ìwé, ó wà lára sítáǹpù. Orúkọ ọmọ tó sunkún dé ojú títì, ọwọ́ wa nìkan ló wà.

Bí ẹ bá ní i nílé

Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́. Ẹ má fi oògùn tí wọ́n fi ń dán idẹ nù ún. A mọ̀ pé ó máa ń wu ènìyàn kó dán, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá há kúrò lójú rẹ̀ kò ní padà mọ́, iye rẹ̀ lójú àwọn tó ń kó o jọ á sì já wálẹ̀. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ má fi ìka kan ojú rẹ̀, òógùn ọwọ́ ń ba irin jẹ́. Ẹ má sì kó o sínú ọ̀rá rọ́bà tó rọ̀ tó ń rùn, ó máa ń tu oje tó ń ba irin jẹ́. Àpòòwé bébà ló dára, kí ẹ fi àpò kékeré tó ń fa omi, èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ríbọ́ọ̀nù bá ṣẹ́ kù, bó ti wù kó gbó tó, ẹ má yọ ọ́.

Ẹ ya àwòrán iwájú, ẹ̀yìn àti etí, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kọ̀ǹpútà mọ̀ pé àwòrán tí kò ní orúkọ, tí kò ní ọjọ́, tí kò ní ẹni tó ni ín, bí ìgbà tí kò sí ni. Nítorí náà a ṣí tábìlì kan sínú Excel. Orúkọ tó wà lára mẹ́dà, ọdún tó wà lára rẹ̀, ìbú, ìwọ̀n, ohun tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó ń ṣe àkójọ mẹ́dà lókè òkun ní gbogbo ìyẹn nínú ìwé wọn. A wá fi òpó mẹ́rin kún tiwa: ta ló gbà á, ta ló fún un, ìgbà wo ló há a, kí ló sọ nípa rẹ̀. Ọdún tó wà lára irin àti ọdún tó wà lẹ́nu ẹni tó ni ín, òpó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, ẹ má pa ọ̀kan rẹ́ láti gbé èkejì lárugẹ. Ẹ béèrè ìdí.

Kí ẹ sì tètè béèrè. Ẹ tan fóònù yín, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ má já ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Irin lè dúró dè yín.

Oníṣòwò yẹn padà wá. A fi ẹ̀yìn mẹ́dà hàn án, òun fúnra rẹ̀ ló ní owó náà ti já wálẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kò sí wàhálà. Mẹ́dà náà ti wà nínú àpòòwé báyìí, ṣùgbọ́n inú agolo mílíìkì yẹn náà la dá a padà sí, torí Ìyá àgbà ní ibẹ̀ ni òun mọ̀ ọ́n sí. A kọ ìlà méjì sẹ́yìn àpòòwé. Èkínní: mẹ́dà idẹ, ìdádé Elizabeth Kejì, 2 oṣù kẹfà 1953. Ìyá àgbà fúnra wọn ló pe èkejì, tí a sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é: àbúrò mi ló há a lọ́jọ́ tí Ọbabìnrin kọjá, 1956. Wọ́n sọ orúkọ àbúrò náà fún wa, a kọ ọ́ tẹ̀lé e.